Aṣọ Funfun Márùn-ún Nínú Báàgì Zàlìhà

Alhájì Gbàdàmọ́sí kì í ra ohunkóhun ní kíká. Ẹ gbé ọjà dé iwájú rẹ̀, ẹ fi Ọlọ́run búra, ẹ fi orí ọmọ búra, ohun kan náà ni yóò sọ: "Ẹ tú u." Bó jẹ́ ìgàn aṣọ ni, ẹ tú u. Bó jẹ́ ọ̀rọ̀ ni, ẹ tú u. Àwọn oníṣòwò àdúgbò Kalley ní Niamey ti sọ gbólóhùn náà di orúkọ fún un lẹ́yìn. Bí wọ́n bá rí i tó ń bọ̀ lókèèrè, wọn á ní, "Ẹ-Tú-U ti dé o, ẹ tètè gbé ojúlówó síwájú."

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó gba ẹnu ibodè Gáyà wọ Niger lórí ẹrù obì. Ọdún kejì tó dé Niamey ló ra ìdì aṣọ kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní ará ilé. Aṣọ mẹ́rin tó wà lókè, ojúlówó. Mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀, ojúlówó. Èyí tó wà láàárín, àkísà àti pépà sìmẹ́ǹtì. Ọdún méjì gbáko ló fi ń mu gààrì láìsí ṣúgà kó tó gbérí. Láti ìgbà náà ni ìka rẹ̀ ti di òṣùwọ̀n. Ó lè gbé ìgàn aṣọ lọ́wọ́, kó sọ fún yín iye mítà tó kù nínú rẹ̀, bí ó bá sì ṣì í, kì í ju ìdajì mítà lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni kì í jèrè lé lórí. Bí Yorùbá kan bá kú ní Niamey, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí, ó ti di ọdún méjìlélógún báyìí. Òun ni yóò yọ aṣọ funfun gbẹrẹfu jáde. Ọwọ́ ni yóò fi ya á, kò ní fi àlùmọ́gàjí kàn án ju ibi tí yóò ti mú un ya lọ. Mẹ́ta fún ọkùnrin, márùn-ún fún obìnrin. Abẹ́rẹ́ kì í kan etí rẹ̀, nítorí a kì í ṣẹ́tí aṣọ òkú. Lẹ́yìn aṣọ ni òwú, lẹ́yìn òwú ni káfúrà olóòórùn líle, lẹ́yìn káfúrà ni ohun tí wọ́n máa fi di orí àti ẹsẹ̀. Iye tó ra aṣọ náà ló ń gbà. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá jèrè lórí ikú, ikú á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ná ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Irú ènìyàn báyìí ni Zàlìhà, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, gbé ìwé kan wá bá ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lọ́jọ́ kejì tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀.

Ọmọ ogún ọdún ni Zàlìhà. Niamey ni wọ́n bí i sí. Faransé ló ń gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ti ń kọ́ nípa ewéko àti ẹranko, Zarma, èdè àwọn onílùú, ló fi ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, Yorùbá tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò sì ju èyí tó fi ń tọrọ oúnjẹ àti èyí tó fi ń bẹ̀bẹ̀. Èyí tó fi ń bẹ̀bẹ̀ ló mú wá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú kí Alhájì gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sínyé ìwé yìí, ẹ fọwọ́ sí i."

"Kí ló wà nínú ìwé?"

"Kíláàsì wa máa lọ sí igbó. A máa lọ wo kòkòrò àti ewé. Ọjọ́ mẹ́rin."

"Ọjọ́ mẹ́rin láti wo kòkòrò," ni Alhájì wí. "Aáyán tó wà ní ilé ìdáná ìyá ẹ ńkọ́? Ọ̀fẹ́ nìyẹn, kò sì ní owó ọkọ̀ nínú."

Ìyàwó rẹ̀, Mọ́nsúrátù, gbé orí sókè níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì, ó fi orúkọ àkọ́bí wọn pè é. "Bàbá Àlíyù, ilé ìdáná ta ni aáyán wà?"

"Mo fi ṣàpẹẹrẹ ni."

"Ẹ fi ṣọ́ọ̀bù yín ṣàpẹẹrẹ."

Alhájì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Níbo ni igbó náà wà?"

"Ọ̀nà Kólò. Oko ìwádìí kan wà níbẹ̀, lẹ́bàá odò. Wọ́n ti mọ ògiri yí i ká, sójà sì wà lẹ́nu ọ̀nà."

"Kí ni sójà ń ṣọ́ níbi tí kòkòrò wà?"

Zàlìhà tẹ́ ìwé náà síwájú rẹ̀.

"Níbo lẹ máa sùn?"

"Nínú àgọ́. Àwọn ọmọbìnrin lápá ibí, àwọn ọmọkùnrin lápá ọ̀hún."

"Ta ló máa sùn sí àárín?"

"Àárín kẹ̀?"

"Àárín apá ibí àti apá ọ̀hún."

"Màdáámù kan máa bá wa lọ. Bàbá, ẹ̀kọ́ ni o. Bí mi ò bá lọ, òdo ni wọ́n máa fún mi. Bí wọ́n bá fún mi ní òdo, mo máa tún ọdún yìí kà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ta bá Alhájì. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún kan gbáko, tí a san, tí a óò tún san. Ó yẹ ìwé náà wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó gbé e sókè sí iná. Ọjọ́ Jímọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n ni wọ́n ń retí ìfọwọ́sí. Àárọ̀ Sátidé ni ọkọ̀ yóò gbéra.

"Fi ìwé sílẹ̀. Jẹ́ kó sùn lọ́dọ̀ mi."

Zàlìhà dìde. Bó ti ń lọ, ó wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ náà wò ó, àwọn méjèèjì sì gbójú kúrò lára ara wọn kíákíá. Alhájì rí i. Ó mọ̀ pé ohun kan wà ní kíká níbẹ̀. Ìfura loògùn àgbà, kò sì sun oorun tó dùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

*

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Ọjọ́rú, ó ń to ìgàn aṣọ funfun padà sórí pẹpẹ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ sọ fún un pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ìgàn náà fúyẹ́. Ó gbé e kalẹ̀, ó tún gbé e. Ó tú u sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Mítà mẹ́wàá ti lọ. Kì í ṣe mẹ́sàn-án, kì í ṣe mọ́kànlá. Olè tó wá jí aṣọ kì í dúró wọ̀n ọ́n kó tó gé e.

Ta ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lánàá nígbà tí òun lọ kírun ọ̀sán? Mọ́nsúrátù ni. Ta ni Mọ́nsúrátù bá wò lójú lálẹ́? Ó fa ilẹ̀kùn dé, ó kọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn, ó dá tásì dúró. Tásì ní ọ̀sán gangan! Àwọn tó rí i rò pé ilé rẹ̀ ní àdúgbò Poudrière ló ń jóná.

Kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Mọ́nsúrátù lọ síbi ìsọmọlórúkọ, Zàlìhà wà ní ilé ẹ̀kọ́. Alhájì wọ yàrá ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fa báàgì dúdú kan jáde. Kì í ṣe ìwà rẹ̀ láti máa tú ẹrù obìnrin. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé aṣọ òun ni òun ń wá, ọ̀nà aṣọ náà ló gba inú báàgì kọjá. Ó ṣí síìpù.

Aṣọ náà wà níbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ ohùn ara rẹ̀. Ó fà á jáde láti bú sẹ́rìn-ín ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ olè, ṣùgbọ́n aṣọ náà kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n ti pín in. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Gbogbo wọn ní mítà méjì méjì, gbogbo wọn láìṣẹ́tí. Lábẹ́ aṣọ, páálí òwú ilé oògùn kan, ńlá. Lábẹ́ òwú, àpò kékeré kan. Kó tó tú u ni òórùn rẹ̀ ti sọ ohun tó jẹ́. Káfúrà. Lábẹ́ káfúrà, okùn funfun tí wọ́n ká roboto.

Ó jókòó sórí ilẹ̀.

Ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì náà, òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì wà lórí rẹ̀. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Faransé Alhájì kò tó ka ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n Faransé ọjà kò lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ lọ: aṣọ funfun, márùn-ún, tí kò ní ojú ìrán. Òwú. Káfúrà. Okùn. Ìgò oníderí méjì. Ìgò nìkan ni kò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe, ó sì rò pé tùràrí olómi ni wọ́n máa rọ sínú rẹ̀.

Márùn-ún. Mẹ́ta fún ọkùnrin, márùn-ún fún obìnrin.

Ó rántí bàbá arúgbó kan láti Ìsẹ́yìn tí wọ́n jọ lọ sí Mẹ́kà, tó gbé aṣọ òkú tirẹ̀ dání nínú àpò, pé bí ọlọ́jọ́ bá dé lọ́nà, kí ó má ṣe di ẹrù sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Alhájì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ọ̀nà kò dára lóde òní, gbogbo ayé ló mọ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ yìí náà mọ̀. Wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọ ọlọ́mọ lọ sínú igbó níbi tí sójà wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n jókòó, wọ́n ro ìnáwó, wọ́n sì rí i pé bí aburú bá ṣẹlẹ̀, aṣọ ni yóò kọ́kọ́ gbówó. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kúkú gbé tirẹ̀ dání. Ìrìn àjò tí wọ́n ní kí òun fọwọ́ sí nìyí!

Ó kó gbogbo rẹ̀ padà sínú báàgì, ó gbé báàgì náà lé èjìká, ó sì jáde.

*

Àlàmínì ni télọ̀ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Alhájì ní Kalley. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó tó ọmọ ogójì ọdún, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ. Alhájì dúró níwájú rẹ̀, kò kí i.

"Àlàmínì, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Bí wọ́n bá ní kí o wá aṣọ funfun márùn-ún, òwú, káfúrà àti okùn, kí lo máa rò?"

Kó tó sọ okùn tán, Àlàmínì ti dìde, ó ti ṣí fìlà. "Innàlílláhì. Obìnrin wo ló kú, Alhájì?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Kò tíì sẹ́ni tó kú?"

"Mo ní kò sẹ́ni tó kú!"

"Ẹ má bínú sí mi. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ń rà á sílẹ̀ de ikú báyìí."

Alhájì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un. Àlàmínì dé fìlà rẹ̀ padà, ó jókòó, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Olùkọ́ tó kọ ìwé yìí, ṣé ẹ ti rí i rí?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ mọ ilé rẹ̀?"

"Mo ní mi ò rí i rí, o tún ń bi mí ní ilé."

"Alhájì, ẹni tí ẹ ò rí rí ló ń wọn ọmọ yín fún aṣọ." Ó mi orí. "Bó bá ṣe èmi ni, mi ò ní fọwọ́ síwèé kankan. Páńsá ò fura, páńsá já iná. Ẹ jẹ́ kó tún ọdún náà kà. Owó ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń ta ọmọ."

Ìyẹn ni ohun tí Alhájì gbé lọ sílé: báàgì léjìká, ọ̀rọ̀ Àlàmínì lọ́kàn. Owó ọdún kan lápá kan, ọmọ lápá kejì. Kò sí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìyẹn.

*

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun àṣálẹ́ nígbà tí Mọ́nsúrátù wọlé. Ọkọ rẹ̀ ti tẹ́ ẹní sí àárín àgbàlá. Ó ti tẹ́ aṣọ márùn-ún sórí ẹní náà, ọ̀kan lé èkejì, bó ṣe máa ń tẹ́ ẹ bí wọ́n bá gbé òkú obìnrin dé. Ó gbé òwú sí apá ọ̀tún, káfúrà sí apá òsì, okùn sí ìsàlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sí ibi tí orí ì bá wà.

Ike oúnjẹ tí Mọ́nsúrátù gbé bọ̀ láti ibi ìsọmọlórúkọ já bọ́. "Ta ló kú?"

"Ọmọ ẹ ló mọ̀."

"Àlíyù? Ẹ sọ̀rọ̀! Ṣé Àlíyù ni?"

"Zàlìhà ni mo ní. Ìwọ lo gé aṣọ fún un. Mítà mẹ́wàá. Wọ̀n ọ́n fún mi, Ìyá Àlíyù, ṣé mo purọ́?"

Mọ́nsúrátù jókòó sórí àpótí. "Mo gé e. Èmi ni mo máa sanwó rẹ̀ kí ẹ tó mọ̀. Aṣọ nìkan ló ní kí n bá òun wá, pé fún ilé ẹ̀kọ́ ni." Ojú rẹ̀ lọ sára òwú, ó lọ sára káfúrà, ó lọ sára okùn, ó sì dúró. Obìnrin tó ti bá wọn wẹ òkú obìnrin lọ́pọ̀ ìgbà ni. "Bàbá Àlíyù, níbo ni àwọn ìyókù yìí ti wá?"

"Inú báàgì rẹ̀."

"Mo gbé o! Èmi ò rí òwú o! Aṣọ nìkan ni mo rí!"

Àsìkò yẹn gan-an ni Zàlìhà ti ilẹ̀kùn wọlé. Ó wo ẹní, ó wo bàbá rẹ̀, ó ké.

"Háà, Bàbá! Ẹ ti jẹ́ kó dọ̀tí!"

"Ó dọ̀tí?" Ìyá rẹ̀ dìde. "Ohun tó ń dùn ọ́ nìyẹn? Zàlìhà, ta lẹ fẹ́ lọ sin?"

"Sin kẹ̀? Màmá, kí lẹ̀ ń sọ?"

"Aṣọ márùn-ún! Òwú! Káfúrà! Ta ló kọ́ ọ ní ẹrù òkú?"

Zàlìhà ṣí ẹnu, kò rí Yorùbá kankan níbẹ̀. Ó mú Faransé, ó jù ú nù, ó mú Zarma, ó jù ú nù. Ó wá fi apá méjèèjì ṣe bí ẹyẹ tó ń fò. "Papiyóò! Papiyóò ni! Èyí tó ń fò lálẹ́, tó ń wá síbi iná! Ẹ ta aṣọ sórí okùn, ẹ gbé iná sí i, wọ́n á wá, wọ́n á bà lé e. Ẹ fi oògùn sínú òwú, ẹ fi òwú sínú ìgò, kòkòrò á sùn. Káfúrà, kí èèrà má jẹ wọ́n nínú àpótí."

"Márùn-ún ńkọ́?" ni Alhájì bi í.

"Gúrúùpù márùn-ún la jẹ́. Aṣọ kan, gúrúùpù kan."

"Tí kò ní ojú ìrán ńkọ́?"

"Kòkòrò kékeré máa ń sá pamọ́ sínú ojú ìrán. Mùsíyò Àbdùlkàdír, olùkọ́ wa, ló sọ bẹ́ẹ̀."

Alhájì na ìka sí i. "Àwa ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kí ló dé tó fi jẹ́ aṣọ tèmi ni Mùsíyò yín rí?"

Zàlìhà wolẹ̀. "Ó bi wá pé ta ló lè wá aṣọ. Gbogbo wọn wò mí. Wọ́n mọ̀ pé bàbá mi ló ni aṣọ." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Mo sọ pé Bàbá mi máa fún wa. Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó rántí yín."

Mọ́nsúrátù fi ìborùn bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa yọ. Alhájì kò rẹ́rìn-ín. Ó gba nọ́mbà olùkọ́ náà, ó pè é. Hausa ló bá a sọ. Ó ní òun ni bàbá Zàlìhà, òun sì ń fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi aṣọ funfun ṣe. Kó tó sọ̀rọ̀ kejì, ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Ó dúpẹ́ fún aṣọ, ó dúpẹ́ fún inú rere, ó ní Alhájì fẹ́ràn ìmọ̀, ó ní kí Ọlọ́run fi púpọ̀ rọ́pò rẹ̀, kí ó fi sí orí òṣùwọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn. Alhájì kàn ń ṣe "Àmín, àmín" bí ẹni tí wọ́n ń fún ní oògùn kíkorò mu. Nígbà tó pa fóònù, ó ti di olùfúnni láìfẹ́.

"Ṣé ẹ ti gbọ́ báyìí?" ni Zàlìhà wí.

"Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́, ọ̀rọ̀ olùkọ́ a sì máa dùn. Tú u."

"Kí ni kí n tú?"

"Ta aṣọ náà. Mú ọ̀kan, ta á sórí okùn tí ìyá ẹ fi ń sáṣọ. Kí n rí kòkòrò tó mọyì aṣọ mi."

*

Wọ́n kírun àṣálẹ́ tán, òkùnkùn ti ń ṣú. Zàlìhà ta aṣọ kan, ó fi òkúta di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé iná tọ́ọ̀ṣì ńlá sẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ náà mọ́lẹ̀ gbòò láàárín àgbàlá. Alhájì gbé àga sí iwájú rẹ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, kò sí nǹkan kan. Mẹ́wàá.

"Ó jọ pé wọn ò gbọ́ pé a ti ṣí ọjà," ni Alhájì wí.

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá."

Ọ̀kan wá. Kékeré ni, bí ẹyọ ìrẹsì. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ Ajé ti lé èsúnsún jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà dé, ìyẹ́ wọn ń já sílẹ̀. Yànmùyánmú, ìrẹ̀, kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ẹni dúró lórí igi. Láàárín wákàtí kan, aṣọ funfun náà ti di aṣọ oníṣẹ́ ọnà. Lẹ́yìn náà ni ńlá kan fò wá láti orí ògiri, ó gbá aṣọ náà pàà, ó sì bà lé e. Ó ká ìyẹ́ rẹ̀ pọ̀, ó di ohun dúdú lásán kan, bí ewé gbígbẹ.

Zàlìhà súnmọ́ ọn. Alhájì kò rí ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Zàlìhà fi ìka méjì mú un jẹ́jẹ́, ó gbé e wá síbi iná.

"Bàbá, bó ṣe wà ní kíká yìí, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n. Irú mẹ́wàá ló rí báyìí lẹ́yìn. Àfi ká tú u."

Ó fi orí abẹ́rẹ́ kékeré gbé ìyẹ́ òkè sí ẹ̀gbẹ́. Ìyẹ́ ìsàlẹ̀ yọ. Pupa ni, pupa tí kò sí nínú ìgàn kankan ní Kalley, ó sì ní ojú méjì dúdú lórí rẹ̀ tó dà bí ojú ènìyàn.

Alhájì wo ìyẹ́ náà, ó wo ìka tó tú u. Ó mọ ìka yẹn. Bí òun ṣe máa ń fi àtàǹpàkò gbé etí aṣọ kí òun tó gbà pé ojúlówó ni, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

"Kí lẹ̀ ń pe èyí ní Yorùbá?" ni Zàlìhà bi í.

"Àfòpiná." Ó tún un sọ díẹ̀díẹ̀. "Àfòpiná ló ń jẹ́."

Zàlìhà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ gígùn kan tí kò jọ Faransé. Lẹ́yìn náà ló jẹ́ kó fò lọ.

Mọ́nsúrátù ní, "Ṣé ẹ máa wá fọwọ́ síwèé báyìí?"

Ọgbọ́n orí Alhájì ti gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Zàlìhà pa iná, tí aṣọ funfun náà ń mì lẹ́lẹ́ nínú òkùnkùn láìṣẹ́tí, ara rẹ̀ kò gbà. Márùn-ún, láìṣẹ́tí, pẹ̀lú òwú, pẹ̀lú káfúrà, nínú ẹrù ọmọ rẹ̀, lójú ọ̀nà. Àwọn ohun kan wà tí kì í ṣe irọ́, síbẹ̀ a kì í jẹ́ kí wọ́n wọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

*

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó kó aṣọ márààrún lọ bá Àlàmínì.

"Ṣẹ́tí wọn fún mi, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fi òwú pupa ṣe é."

"Pupa? Sára aṣọ funfun? Alhájì, gbogbo ayé ló máa rí i."

"Ẹni tí mo fẹ́ kó rí i, kó rí i."

Àlàmínì wò ó, ó sì yé e. A kì í ṣẹ́tí aṣọ òkú. Ohun tí wọ́n bá ti ṣẹ́tí rẹ̀, a ò ní fi tẹ́ ẹnikẹ́ni sínú ilẹ̀. Kò ṣàwàdà mọ́. Ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ títí di ọ̀sán, ó ṣẹ́ ẹ tín-ín-rín, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ kí kòkòrò má rí ibi sá sí. Nígbà tó parí, ó dá iye kan, èyí tó ti fi ìlọ́po méjì lé lórí nítorí bí Alhájì ṣe máa ń nájà. Alhájì ka owó náà lé e lọ́wọ́, ó sì yíjú.

Àlàmínì gbé owó bébà náà sókè sí oòrùn. "Alhájì! Ẹ dúró! Kí ló ṣe owó yìí?"

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹ ò ná mi."

"Dá ìdajì padà nígbà náà."

Àlàmínì fi owó sápò kíákíá.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, Alhájì fọwọ́ sí ìwé náà. Ó ti ṣírò rẹ̀ tán: mítà mẹ́wàá, òwú pupa, owó Àlàmínì, tásì ọ̀sán gangan. Kò sí èrè nínú aṣọ òkú, kò sì sí èrè nínú aṣọ kòkòrò.

Ní Sátidé, Zàlìhà gbé báàgì sí ẹnu ọ̀nà kí oòrùn tó yọ. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Alhájì tú báàgì náà lójú gbogbo wọn, ó ka aṣọ etí pupa náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fa síìpù dé.

"Márùn-ún ni mo kó fún ọ," ni ó wí. "Mẹ́fà ni mò ń retí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Aṣọ márùn-ún, ìwọ fúnra ẹ ni ìkẹfà. Bí ọ̀kan bá máa sọnù, kó jẹ́ aṣọ."

Zàlìhà gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti ń mú omi, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Okùn ńkọ́, Bàbá? Ẹ ò ka okùn."

"Okùn kò ti ṣọ́ọ̀bù mi jáde. Kí ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ ń wo ara yín lójú lọ yanjú ìyẹn."